Ẹ̀jẹ́ Ọlọ́jọ́ Mẹ́ta Ìyá Àgbà

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìyá àgbà mi ní Iléṣà. Ó ti ta aṣọ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, ó gbé e dé Ìwàrà, ó gbé e dé Ìpetu, ó sì gbé e kọjá ibẹ̀. Nígbà tí ó fi máa jókòó sílé, àpótí aṣọ mẹ́rin ló kù sí yàrá rẹ̀, ó sì ń tọ́jú wọn bí ẹni ń tọ́ ìkókó. Lẹ́yìn káńfọ̀ ni òórùn iyán gbígbóná, lẹ́yìn iyán ni òórùn ògiri amọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Títí di òní, bí mo bá tú aṣọ oníbàárà kan ní ṣọ́ọ̀bù mi, tí káńfọ̀ sì ta sí mi nímú, mo máa ń jókòó díẹ̀ kí n tó gbé àlùmọ́gàjí sí i. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi rò pé ó rẹ̀ mí ni.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé ìgbà tí ọkàn mi máa ń fà sí bẹ́ẹ̀, ìgbà náà gan-an ni ojú mi rí màbo jù lọ láyé. Èmi náà ti rò ó títí, n kò rí i rò. Ṣùgbọ́n bí ìwọ náà bá ti ṣubú rí, tí àwọn kan sì gbé ọ dìde, o ó mọ̀ pé ọwọ́ tó gbéni dìde ni ara máa ń rántí nígbà tó bá yá, ju ilẹ̀ tí a ṣubú lé lọ.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Alékùwódò ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ó sì ku oṣù mẹ́rin péré kí n ṣe fíríìdọ́ọ̀mù. Ọ̀gá mi jẹ́ obìnrin Mùsùlùmí kan tí kì í pariwo àfi bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, bí abẹ́rẹ́ bá sì ṣẹ́, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Yunifọ́ọ̀mù àwọn nọ́ọ̀sì ló fi gbajúmọ̀. Wọ́n ń wá láti ìta Òṣogbo wá rán an, nítorí kọ́là tí ọ̀gá mi bá rán, o lè fọ̀ ọ́ fún ọdún márùn-ún, kò ní í tẹ̀. Èmi ni mo máa ń gán bọ́tìnnì.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkùnrin kan tí a jọ ń gbé ilé tí mo háyà yàrá sí, ẹni tí mo máa ń kí láràárọ̀, fi ipá bá mi lò pọ̀. Mo ti sọ ọ́ tán. Ó ti jẹ nínú ọjọ́ ayé mi tó, n kò ní í fún un ju gbólóhùn kan yìí lọ nínú ìtàn mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Jímọ́ọ̀, mo wọ ọkọ̀ Iléṣà. Mo rántí obìnrin tó jókòó tì mí, ó ń jẹ ẹ̀pà sísun, ó sì na díẹ̀ sí mi láì wo ojú mi. N kò lè gbà á, n kò sì lè dúpẹ́. Ó rọra dá a padà sínú bébà rẹ̀, ó sì sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ lọ́hùn-ún kí àyè lè gbà mí dáadáa. Bí mo bá mọ̀ ọ́n lónìí, mà á rán aṣọ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyá àgbà ló tọ́ mi láti kékeré, nítorí náà kò sí ibòmíì tí ẹsẹ̀ mi ì bá gbé mi lọ. Mo bá a níwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé àwo sílẹ̀.

“Ta ni?” ló bi mí. Kò béèrè ohun tí mo wọ̀, kò béèrè ibi tí mo lọ. Mo sọ ọ́ fún un, ó sì gbá mi mọ́ àyà. “Ẹ̀bi rẹ kọ́,” ni ó wí, ó sì ń tún un wí títí a fi wọlé.

Ohun tó bá ojú ti bá imú. Ìyá àgbà ṣe ohun gbogbo tí ìfẹ́ kọ́ ọ láti ṣe. Ó gbé omi kaná, ó mú ọṣẹ dúdú, ó wẹ̀ mí bí ó ti máa ń wẹ̀ mí nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Aṣọ tí mo wọ̀ wá, tí n kò tíì bọ́ láti ìrọ̀lẹ́ àná, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ́ ẹní, ó ní kí n kúnlẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ fún ọ pé ìjọ aládùúrà ni ìyá àgbà mi ń lọ, kì í sì í ṣe ọmọ ìjọ ọjọ́ Ìsinmi nìkan. Láti ìgbà tí ó ti bí bàbá mi, egbòogi kankan, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó tàbí àgbo, kò kan ahọ́n rẹ̀ mọ́. Bí orí bá fọ́ ọ, omi àdúrà. Bí ibà bá dé, omi àdúrà. Nígbà tí adìyẹ rẹ̀ kan ń sín, mo fi ojú mi rí i, omi àdúrà ni. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí níjọ́ náà, ó sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Ọlọ́run pé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ohunkóhun kò ní gba ẹnu mi kọjá bí kò ṣe omi tí òun bá gbàdúrà sí, kí Olúwa lè fọ̀ mí mọ́ tónítóní.

Mo ṣe àmín. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí n ṣe ohunkóhun lọ́jọ́ náà, ǹ bá ṣe é. Ara mi ti di ẹrù tí mo kàn ń gbé kiri.

Ní ọ̀sán, ọ̀gá mi pè mí lórí fóònù. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá mo ṣàìsàn ni, nítorí yunifọ́ọ̀mù mẹ́rin wà nílẹ̀ tí n kò tíì gán bọ́tìnnì sí. N kò ní in lọ́kàn láti sọ fún un, ṣùgbọ́n bí mo ti gbọ́ ìró máṣìnnì lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ẹkún gbà mí lẹ́nu, ọ̀rọ̀ náà sì jáde. Mo gbọ́ tí ọ̀gá mi ní kí wọ́n pa máṣìnnì.

“Jókòó síbẹ̀ dè mí,” ni ó wí.

Ní àárọ̀ Sátidé ni ó dé, kò sì dá wá. Nọ́ọ̀sì kan ló bá a wá, obìnrin abara dúdú tó ti ń sún mọ́ ọdún ìfẹ̀yìntì, oníbàárà wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà níbẹ̀. Kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, ṣe ni ó máa ń fi aṣọ ránṣẹ́, nítorí náà mo mọ ìwọ̀n èjìká rẹ̀ kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ọ̀gá mi mọ̀ pé òun ni wọ́n fi ṣe olórí yàrá kan níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí irú ọ̀rọ̀ mi bá ṣẹlẹ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì náà kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, wọ́n kí ara wọn dáadáa bí àwọn Ìjẹ̀ṣà méjì ti í kíra. Ó wá yíjú sí mi láti ẹnu ọ̀nà. “Ṣé kí n jókòó tì ọ́, àbí kí n jókòó sọ́hùn-ún?”

Mo nawọ́ sí àga tó wà lọ́hùn-ún. Ó lọ jókòó síbẹ̀, inú rẹ̀ kò sì bàjẹ́.

“Ọ̀gá rẹ ti sọ díẹ̀ fún mi,” ni ó wí. “Kò di dandan kí o tún un sọ.” Ó wá ṣàlàyé, kò sáré, kò sì fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní oògùn kan wà tí í dènà kòkòrò àrùn éèdì, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, bí ó bá sì ṣe yá sí ló dára sí. Ó ní òmíràn wà tí kì í jẹ́ kí oyún dúró, ó sì ní abẹ́rẹ́ àti oògùn wà fún àwọn àrùn yòókù. Mo ka ọjọ́ lórí ìka mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, tí í ṣe Sọ́ńdè, ni ọjọ́ mẹ́ta ti nọ́ọ̀sì yóò pé. Ọjọ́ mẹ́ta ti ìyá àgbà di àárọ̀ Mọ́ńdè.

Ìyá àgbà náà ti kà á. Ó na ẹ̀yìn. “Oògùn kì í wọ ulé mi,” ni ó wí. “Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́.”

“Mààmá, ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ yìí ni?” Ọ̀gá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ìyá àgbà dìde dúró, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n mọ̀ pé bí ó bá ti tún gèlè wé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àyà mi já. Mo rí i pé àwọn tó fẹ́ràn mi máa fi mí sáàárín jà, èmi á sì jókòó sórí ẹní níbẹ̀ títí àkókò yóò fi kọjá.

Nọ́ọ̀sì náà kò bá ìyá àgbà jiyàn. Ó tún padà kúnlẹ̀.

“Yèyé, ta ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ náà?”

“Èmi ni.”

“Ẹnu ta ni ó ti jáde?”

“Ẹnu tèmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?”

“Ẹ ṣeun, mà. Ẹ̀jẹ́ ńlá ni, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ẹnu tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ ló ń san án.” Ó nawọ́ sí mi. “Ṣùgbọ́n ẹnu tirẹ̀ ńkọ́? Ta ló bi í léèrè?”

Ó yíjú sí mi láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. “Kí ni ìwọ fẹ́?”

Má rò pé ìbéèrè kékeré nìyẹn. Láti Ọjọ́bọ̀, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹni ibi yẹn kò bi mí. Ìyá àgbà tó fẹ́ràn mi ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ, òun náà kò bi mí kó tó tú aṣọ lára mi, kó tó wẹ̀ mí, kó tó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Mo mọ̀ pé ohun tí àwọn méjèèjì ṣe jìnnà síra bí ọ̀run ti jìnnà sí ilẹ̀, n kò sì ní í gbà kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n wéra. Síbẹ̀, nígbà tí obìnrin yẹn bi mí ní ohun tí mo fẹ́, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn dá kọ́kọ́rọ́ ilé mi padà fún mi. Mo wá ohùn mi, mo rí i.

“Mo fẹ́ lọ,” ni mo wí. “Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí Yèyé bá mi lọ.”

Ìyá àgbà wọ yàrá lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé. Ọ̀gá mi wò mí, mo wo ilẹ̀. Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró ìdérí àpótí, òórùn káńfọ̀ sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde wá bá wa. Nígbà tí ó jáde, ìgò omi àdúrà wà lábẹ́ apá rẹ̀, ìró aláró tuntun kan, tí kò tíì rí oòrùn rí, sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tú u, ó na án sí ìbàdí mi, bí ó ti máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó wá dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lófuurufú.

“Ṣé kí n… ṣé kí n ró o fún ọ?”

Ìgbà yẹn ni mo sunkún tó dé inú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Yàrá náà wà ní ìpẹ̀kun ilé ìwòsàn, kò sí àkọlé kankan lára ilẹ̀kùn rẹ̀ tí ẹni tó ń kọjá lè kà. Kọ́tìnnì olódòdó wà lójú fèrèsé, rédíò kékeré kan sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Ohunkóhun tí nọ́ọ̀sì náà bá fẹ́ ṣe, á kọ́kọ́ sọ ọ́, á sì bèèrè. Ṣé kí n di ọwọ́ rẹ mú? Ṣé kí n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ báyìí? Ó ní bí mo bá ní kí òun dúró, òun á dúró. Mo dán an wò. Mo ní kó dúró lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó ń wo ojú fèrèsé bí ẹni pé kò ní iṣẹ́ mìíràn láyé.

Nígbà tó kan oògùn, ìyá àgbà gbé ìgò rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì wo nọ́ọ̀sì lójú. Nọ́ọ̀sì gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

“Ṣé ẹ sè é, mà?”

“Mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo gbàdúrà sí i.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àdúrà kì í ba oògùn jẹ́.” Òun náà ló bù ú sí kọ́ọ̀pù. Omi àdúrà ni mo fi gbé oògùn òyìnbó mì ní ọ̀sán Sátidé náà, ó kù ju ọjọ́ kan lọ kí àkókò tó pé. Ìyá àgbà ṣe àmín, ọ̀gá mi náà ṣe àmín, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú, ìyẹn ni wọ́n sì fi parí ìjà wọn.

Nọ́ọ̀sì kọ gbogbo ohun tó rí sílẹ̀, ó ní bí mo bá fẹ́ lọ sí tẹ̀ṣọ́n, òun á tẹ̀ lé mi, bí n kò bá sì tíì fẹ́, ìwé náà á dúró dè mí. Ó bèèrè aṣọ tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lérí. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti gbẹ, ó ti ká a. “Ìfẹ́ lẹ fi fọ̀ ọ́, mà,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ti ọmọ ẹlòmíì, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fọ aṣọ, kí wọ́n má tíì wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi bébà wé aṣọ náà, kí wọ́n tètè gbé e bọ̀. Bí wọ́n bá sì ti wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n ṣì gbé e bọ̀.” Ọ̀rọ̀ yẹn dun ìyá àgbà. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, bí ìpàdé àwọn ìyá ní ìjọ rẹ̀ bá ti fẹ́ tú ká, á dìde, á ní òun ní ìkìlọ̀ kan, á sì sọ ọ́ láti orí dé ìdí láì dárúkọ mi. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí i. Àwọn ọmọdé ibẹ̀ pàápàá mọ̀ ọ́n lórí.

Oògùn náà, ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ní kí n lò ó. Ó máa ń rú inú mi sókè, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé kí n má lò ó láìjẹun. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní Ìjẹ̀ṣà, ìbá dára kí o rí ìyá àgbà mi ní ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ààwẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí, kò yẹ̀ ẹ́, ó ń fi ẹnu tirẹ̀ san án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó dúró ti odó, ó ń gúnyán fún mi, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Èṣù má baà fi iyán dán òun wò. “Wá jẹ uyán,” ni ó kígbe, ó sì sá kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo ti rò pé n kò ní í rẹ́rìn-ín mọ́ láyé.

Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ọ̀pù. “Ṣé kí n gbé e wá?” Mà á ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó sú mi. Mo ní rárá, n kò lò ó mọ́. Ẹ̀rù bà mí bí mo ti sọ ọ́, mo ń retí ìwàásù. Ìyá àgbà gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀, ó jókòó.

“Ó dáa,” ni ó wí. “Mo wà níhìn-ín.”

Mo wo ògiri, mo wo kọ́ọ̀pù. Nígbà tó ṣe, mo ní kí ó gbé e wá. Mo lo oògùn náà pé, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀ sì fi hàn pé kò sí ohun tó ṣe mí. Mo lọ sí tẹ̀ṣọ́n nígbà tí èmi fẹ́ lọ, nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé mi bí ó ti ṣèlérí. Ẹjọ́ náà gùn, mo sì ti ní n kò ní í fi ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn fa ìtàn mi gùn. Ọ̀gá mi wá yàrá mìíràn fún mi nítòsí ṣọ́ọ̀bù, mo sì ṣe fíríìdọ́ọ̀mù mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi lónìí, òfin kan wà. Ọmọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ fi tépù yí ẹnikẹ́ni ká láì kọ́kọ́ bèèrè. Àwọn oníbàárà mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ń pè mí ní “Màdáámù Ṣé-Kí-N”. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí. Mo mọ̀ pé ní ọjọ́ kan, ẹni tí ara rẹ̀ ti di ẹrù sí i lọ́rùn á dúró níwájú dígí mi, ìbéèrè yẹn á sì bá a níbẹ̀.

Ọdún tó kọjá ni ìyá àgbà dùbúlẹ̀. Dókítà kọ oògùn, mo rà á, mo gbé kọ́ọ̀pù dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. “Yèyé, ṣé kí n gbé e wá?” Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní rárá. Gbogbo ara mi ń fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kí n sunkún, kí n pọ́n ọn lé ẹ̀yìn lọ sí ilé ìwòsàn. Mo gbé kọ́ọ̀pù náà sílẹ̀, mo fa àpótí ìjókòó rẹ̀, mo jókòó tì í.

“Ó dáa, mà,” ni mo wí. “Mo wà níhìn-ín.”

Lójoojúmọ́ ni mo ń bi í, lójoojúmọ́ ló ń ní rárá, títí Ọlọ́run fi pè é ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Mo ṣí àpótí rẹ̀, mo mú ìró aláró yẹn, tí mo ti dá padà síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, òórùn káńfọ̀ sì gba gbogbo ilé. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ dúró, wọ́n ń retí kí n tètè wọṣọ fún òkú rẹ̀. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo bèèrè kí n tó ró o fún un.